Wáyà Rédíò Inú Ọkọ̀: Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní Ìpàdé Ọdọọdún



Ó ti di àṣà Ẹgbẹ́ wa pé lọ́dọọdún ni ẹnìkan máa ń dìde sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó lè ṣe ìlú ní àǹfààní. A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí ìrẹsì Ọ̀fàdà wa, èyí tí ó sọ orúkọ ìlú yìí di ohun tí wọ́n ń pè nídìí oúnjẹ ní Èkó àti ní òkè òkun. A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ àti lórí omi. Nígbà tí Akọ̀wé sọ fún wa pé ó kàn wá lọ́dún yìí, a dá a lóhùn pé wáyà rédíò inú ọkọ̀ ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni à ń ṣe, nítorí pé kí ni tíṣà mọ̀ nípa rédíò ọkọ̀? A kò ṣe ẹ̀fẹ̀. Wáyà tí ẹ rí lórí tábìlì yìí, tí ó dúdú bí ìdí ìkòkò, inú ọkọ̀ tí Ẹgbẹ́ yìí fi ń kó ọmọ ilé-ìwé ni a ti yọ ọ́ jáde. Ẹ jẹ́ kí ó ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì bí a ti ń sọ̀rọ̀ lọ. Kò gbóná mọ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, nítorí pé ẹnu ti gbé e káàkiri ìlú, ó sì ti di ìtàn mìíràn. Ọmọ méje ni a kó lọ sí Abẹ́òkúta fún ìdíje ìmọ̀ ìṣirò, àwa àti olùkọ́ obìnrin kan ni a sì tẹ̀ lé wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí a ń padà bọ̀ lójú ọ̀nà Ṣágámù, àwọn ọmọ bẹ awakọ̀ pé kí ó yí rédíò sókè. Rédíò náà ti ń ṣe ségesège láti bí oṣù mélòó kan: yóò sọ̀rọ̀, yóò dákẹ́, ọkọ̀ yóò bọ́ sí kòtò, yóò tún sọ̀rọ̀. Ó ti di eré fún àwọn ọmọ. Bí ó bá dákẹ́, wọn a máa bá orin náà lọ títí yóò fi padà wá bá wọn. Lọ́jọ́ náà ó dákẹ́, kò sì padà mọ́. Òórùn kan gba inú ọkọ̀ kan, bí ìgbà tí ike bá bọ́ sínú iná. Awakọ̀ ní àwọn tí ń sun igbó lẹ́bàá ọ̀nà ni. Kò tíì pa ẹnu dé tí èéfín fi rú jáde lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀.

Ó fà sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ilẹ̀kùn méjì ni ọkọ̀ náà ní lẹ́yìn, ọ̀kan kì í sì í ṣí láti inú. Gbogbo wa mọ̀, ó pẹ́ tí a ti ń sọ pé a ó tún un ṣe. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọmọ méje gbà bọ́ sílẹ̀. Awakọ̀ gbé àga rẹ̀ sókè, ó fi sípánà tú orí nẹ́gétíìfù bátìrì, èéfín náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Kò sí ẹni tí iná jó. A ka àwọn ọmọ lórí koríko ní ẹ̀ẹ̀mẹta, méje ni wọ́n pé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a ṣí àpótí fíúsì ọkọ̀ náà. Nínú ihò tí ó jẹ́ ti rédíò, a kò bá fíúsì níbẹ̀. Ohun tí a bá ni òwú wáyà bàbà mélòó kan tí wọ́n lọ́ pọ̀ bí ìgbà tí a bá lọ́ òwú àtùpà. A mọ ẹni tí ó fi í síbẹ̀. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ni í bá. Àwa tí a ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ọkọ̀. Fíúsì náà ti jó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin láàárín oṣù kan. Oníṣẹ́ ní fíúsì ayé òde òní kò nípọn mọ́. Ó ní bí a bá fẹ́ kí rédíò máa sọ̀rọ̀, òun mọ ohun tí òun yóò ṣe sí i. A ní kí ó ṣe é. Àwa ni a fọwọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ṣáájú èyí pàápàá, a ti fi owó Ẹgbẹ́ ra rédíò tuntun rọ́pò èyí tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ó ti bàjẹ́. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Kí ni fíúsì? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tí ń mú iná wá ni. Ẹ̀ṣọ́ ni, a sì fi í síbẹ̀ kí ó lè jó. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ni ibi tí ó rọ̀ jù ní gbogbo ọ̀nà tí iná ń gbà, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, pé bí iná tí ń kọjá bá ti pọ̀ ju èyí tí wáyà lè gbé lọ, òun ni kí ó kọ́kọ́ já. Nọ́ńbà tí a kọ sí i lára, ìbáà ṣe 10 tàbí 15, ni iye ámpíà tí a gbà á láyè láti jẹ́ kí ó kọjá. Ìwọ̀n wáyà ni a sì fi ń yan nọ́ńbà náà. Ní kíláàsì, a máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé bí iná inú wáyà bá di ìlọ́po méjì, ooru rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin; bí iná bá di ìlọ́po mẹ́ta, ooru yóò di ìlọ́po mẹ́sàn-án. A ti kọ èyí sójú pátákó fún ọdún púpọ̀, a sì ti fi ìdánwò wá a lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ. A kò rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tí a ní kí wọ́n fi wáyà bàbà dí ihò fíúsì.

Ohun mìíràn tí ń tan ènìyàn jẹ ni pé bátìrì ọkọ̀ kì í gbá ni. Fóltì 12 péré ni, ọmọdé lè fọwọ́ kan orí rẹ̀ méjèèjì láìsí ewu. Ṣùgbọ́n bí irin bá kan orí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, bátìrì kan náà lè tu ọgọ́rọ̀ọ̀rún ámpíà jáde, irin yóò sì pọ́n bí ẹ̀yin iná. Nítorí èyí ni a ṣe ń tú orí nẹ́gétíìfù kí a tó tú ti pọ́sítíìfù. Gbogbo ara irin ọkọ̀ ni ó so mọ́ nẹ́gétíìfù. Bí sípánà bá yọ̀ nígbà tí a ń tú pọ́sítíìfù lákọ̀ọ́kọ́, tí ó sì kan irin ọkọ̀, a ti dá iná nìyẹn.

Ọ̀ràn iná àti rédíò ọkọ̀ kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1930, ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Paul Galvin àti Joseph Galvin, gbé rédíò kan jáde tí a lè dè mọ́ inú ọkọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Motorola. Wọ́n máa ń pìtàn pé Paul Galvin lọ yá owó lọ́wọ́ olórí báńkì kan, ó sì ní kí wọ́n de ọ̀kan nínú rédíò náà mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ kí inú rẹ̀ lè dùn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọkọ̀ olórí báńkì fi gbiná. Òkìkí ọ̀rọ̀ náà ni a gbọ́, a kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí irú wáyà tí ó wà lọ́wọ́ yín yìí kò ní pè é ní irọ́. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, inú wáyà gan-an ni rédíò kọ́kọ́ gbà dé. Láti ọdún 1935 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ohùn wọ inú ilé àwọn ará Èkó. Àpótí kan ni wọ́n so mọ́ ògiri, ohun tí wọ́n bá sì rán sínú wáyà ni onílé yóò gbọ́. Bí wáyà bá já, asọ̀rọ̀mágbèsì dákẹ́. Kò sí ẹni tí í tú àpótí ká nígbà náà kí ó tó wo wáyà.

Ẹ ó bèèrè pé kí ló dé tí ọkọ̀ tiwa fi ń ní àrùn yìí púpọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ọ̀nà, tí ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Apá òsì ni àwọn ará Jàpáànù àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wà síbẹ̀, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ni sitiárì ọkọ̀ wọn wà. Púpọ̀ nínú kòròpé tí ń ná ọ̀nà wa, láti ilẹ̀ Jàpáànù ni wọ́n ti kó o wá, a sì ní láti yí sitiárì rẹ̀ padà sí òsì kí ó tó wúlò. Ẹni tí ó bá ń yí sitiárì yóò gé dáṣíbọ́ọ̀dù, yóò lu irin níhò, yóò gé wáyà, yóò fi òmíràn tọ́ ọ gùn. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà bí iṣẹ́ ọnà. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń lọ́ wáyà pọ̀ pẹ̀lú ìka, wọn a fi téèpù dúdú wé e. Nígbà tí oòrùn bá mú, gọ́ọ̀mù téèpù yóò yọ́, téèpù yóò tú, wáyà yóò sì wà ní ìhòòhò lẹ́yìn ibi tí ojú kò tó.

A fẹ́ yà díẹ̀ kí a sọ ohun kan nípa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò kan wáyà rárá. FM ilẹ̀ Jàpáànù bẹ̀rẹ̀ láti 76, fún ọ̀pọ̀ ọdún ó sì parí sí 90, kí wọ́n tó sún un dé 95. Tiwa bẹ̀rẹ̀ ní 87.5, ó sì dé 108. Ẹni tí rédíò tí ó bá ọkọ̀ rẹ̀ wá bá parí sí 90 kò lè gbọ́ OGBC ní 90.5, kò lè gbọ́ Paramount ní 94.5, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbọ́ Rockcity ní 101.9, bí ó tilẹ̀ pààrọ̀ wáyà ní ìgbà ogún. A ti rí ẹni tí ó bá riwáyà jà lórí èyí. Kí ó ra rédíò mìíràn ni, tàbí ẹ̀rọ kékeré tí ń sún ohùn náà wá sí ibi tí rédíò rẹ̀ lè gbà á.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sórí ọkọ̀ Ẹgbẹ́. Ọmọkùnrin tí ó bá wa wá àrùn rẹ̀ ti jókòó rí ní kíláàsì wa. Iṣẹ́ riwáyà ni ó ń kọ́ ní Mowe, ó sì ku nǹkan bí ọdún kan kí ó gba fírídọ̀mù. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju tiwa lọ lọ́nà púpọ̀. Àwa kò lè tú rédíò kan láìfọ́ ike ẹnu rẹ̀. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí yóò sọ ìdí nǹkan fún un. Ó gbé rédíò tuntun náà lé itan, ó ní:

“Sà, ṣé kí n lọ wá rédíò mìíràn wá kí a fi dán an wò?”

A ní, “Rárá. Fi èyí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, má ṣe so ó mọ́ nǹkan kan. Kó téèpù bo ẹnu gbogbo wáyà tí o tú, kí o wá fi fíúsì tuntun sí ihò rẹ̀.”

“Láìsí rédíò níbẹ̀, sà?”

“Láìsí rédíò.”

Ó fi fíúsì ámpíà 10 sí i. Kí ó tó mú ọwọ́ kúrò, ó ti jó. Ó wo fíúsì náà, ó wo rédíò tí ó wà lórí itan rẹ̀, ó tún wo fíúsì. Ó ní, “Sà, nígbà náà rédíò kọ́ o.” Àwa kò lè fèsì fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé owó rédíò kejì tí a fi rúbọ ni à ń rò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìgbésẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù ní gbogbo ọ̀rọ̀ wa nìyẹn. Bí fíúsì bá ń jó, ẹ yọ rédíò kúrò. Bí fíúsì kò bá jó mọ́, inú rédíò ni àrùn wà, tàbí nínú wáyà tí ó ti ara rẹ̀ jáde. Bí ó bá ṣì ń jó, inú wáyà ọkọ̀ ni, láàárín àpótí fíúsì àti ẹnu rédíò, a kò sì ní ìdí láti ná kọ́bọ̀ lórí rédíò. Ìdánwò ìṣẹ́jú méjì ni. A kò ṣe é, a sì ra rédíò.

Láti wá ibi tí wáyà ti ń kan irin, a kò lè máa fi fíúsì dánra wò, nítorí owó. Ọ̀nà tí ó rọrùn wà. A mú gílóòbù iná bíréèkì, irú èyí tí í ṣe wáàtì 21, a so wáyà méjì mọ́ ọn, a sì fi ẹnu wọn bọ ihò tí fíúsì yẹ kí ó wà. Gílóòbù náà kì í jẹ́ kí ó tó ámpíà méjì kọjá, nítorí náà wáyà kò lè gbóná dé ibi ewu. Níwọ̀n ìgbà tí wáyà bá ń fara kan irin ọkọ̀, gílóòbù yóò máa tàn yòò. Bí a bá ti gbé e kúrò lára irin, gílóòbù yóò kú. Ọmọkùnrin náà kò rí i rí. Ó ní, “Ṣé kò ní bú, sà?” A ní kò ní bú.

Ó sùn sílẹ̀ gbalaja, ó ki orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ síta. Àwa dúró ti gílóòbù. Ó ń gbé wáyà náà ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin-mẹ́rin, ó ń bèèrè pé, “Ó ṣì ń tàn, sà?” A ń dá a lóhùn pé ó ń tàn. Oòrùn ti ń wọ̀, a sì ti fẹ́ sọ pé kí a fi í di ọ̀la, kí gílóòbù tó kú lójijì. A kígbe pé kí ó dúró síbi tí ó wà. Ó tú wáyà náà sílẹ̀, gílóòbù tàn. Ó tún gbé e, ó kú. Ibẹ̀ ni wáyà ti gba inú ihò kan kọjá nínú irin tí ó gbé dáṣíbọ́ọ̀dù dúró, ọ̀kan nínú àwọn ihò tí wọ́n lu nígbà tí wọ́n yí sitiárì. Wọn kò fi òrùka rọ́bà sí etí ihò náà. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò, etí irin ń rẹ́ ara wáyà bí ayùn, títí rọ́bà ara rẹ̀ fi yọ, tí bàbà inú rẹ̀ sì jáde. Ìyẹn ni ó fà á tí fíúsì kì í jó níwájú ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́, níbi tí ọkọ̀ dúró sí jẹ́ẹ́, tí ó sì ń jó kí a tó dé Mokoloki. Nígbà tí a sì mú fíúsì kúrò, tí a fi bàbà sí i, wáyà náà ni ó di fíúsì.

Àwọn àrùn mìíràn wà tí kò le tó èyí, a ó sì fi ẹnu bà wọ́n. Ọ̀pọ̀ rédíò tí a ń rà lọ́tọ̀ ní ọjà ni ó ń tẹ̀ lé àwọ̀ kan náà. Wáyà yẹ́lò, tí àwọn àgbà ń pè ní àwọ̀ ìyeyè, ni ó ń gba iná ní gbogbo ìgbà, òun ni ó sì ń jẹ́ kí rédíò rántí aago àti àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò tí a ti yàn. Pupa ń gba iná nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́ nìkan. Dúdú ni ọ̀nà àbọ̀. Bí rédíò bá ń gbàgbé ohun gbogbo ní gbogbo ìgbà tí a bá pa ọkọ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbé yẹ́lò sí ipò pupa. Nínú àwọn ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù kan, láti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é ni ipò méjèèjì ti yàtọ̀, kì í ṣe ẹ̀bi riwáyà. Bí bátìrì bá sì ń kú mọ́jú, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti so pupa àti yẹ́lò pọ̀ sí iná tí kì í kú. Àwọn awakọ̀ fẹ́ràn èyí, nítorí pé wọ́n lè gbọ́ rédíò ní gáréèjì láìyí kọ́kọ́rọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọn a máa pe ènìyàn wá ti ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ rédíò ni à ń sọ. Àwọ̀ wáyà tí ó wà nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì, mítà nìkan ni ó lè sọ òtítọ́ rẹ̀. A sì bẹ̀ yín, yẹ́lò yàtọ̀ sí yẹ́lò. Nínú ọkọ̀ tí ó ní àpò afẹ́fẹ́, èyí tí ń bẹ́ jáde láti gba awakọ̀ là nígbà ìjàm̀bá, wáyà àpò náà a máa wà nínú rọ́bà yẹ́lò tàbí kí ẹnu rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò. Ẹ má ṣe ki tẹ́sítà bọ ibẹ̀. Àpò náà lè bẹ́ lu onítọ̀hún lójú.

Ọ̀rọ̀ wáyà dúdú gba àlàyé díẹ̀. Iná bátìrì ní àlọ, ó sì ní àbọ̀. Oníṣẹ́ a máa ṣọ́ àlọ rẹ̀ tọwọ́tọwọ́, a sì máa de àbọ̀ rẹ̀ mọ́ bóòtì èyíkéyìí tí ó bá rí, ìbáà dípẹtà, ìbáà wà lórí ọ̀dà. Rédíò bẹ́ẹ̀ yóò sọ̀rọ̀ bí a bá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì kú bí a bá yí i sókè; tàbí kí ó máa hu bí ẹ̀fọn, kí híhu náà sì máa lọ sókè bí a bá ti ń tẹ iná mọ́tò. Kí a fi ẹnu mítà kan sí orí nẹ́gétíìfù bátìrì, kí a fi èkejì sí ara irin rédíò nígbà tí ó ń kọrin. Ó yẹ kí mítà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní òdo. Bí ó bá ka ìdajì fóltì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àbọ̀ kò dán. Kí a ha ọ̀dà kúrò títí irin yóò fi funfun, kí a wá dè é le. Mítà yìí kan náà ni yóò sọ fún wa bóyá bátìrì pé: nǹkan bí 12.6 nígbà tí ọkọ̀ bá sinmi, àti láàárín 13.8 sí 14.4 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́.

Bí sípíkà kan bá dákẹ́ tí àwọn yòókù ń sọ̀rọ̀, kí a tú wáyà rẹ̀ méjèèjì kúrò lẹ́yìn rédíò, kí a fi wọ́n kan bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, fóltì 1.5, ní ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Bí sípíkà bá sọ “pọ́”, òun àti wáyà rẹ̀ yè. Bí kò bá sọ nǹkan kan, kí a kọ́kọ́ wo ibi tí wáyà ti ń gba ara ilẹ̀kùn kọjá. Ṣíṣí àti pípa ilẹ̀kùn a máa gé bàbà nínú rọ́bà, tí òde rẹ̀ yóò sì dán gbinrin. Àwọn àgbà riwáyà kan sì wà tí wọ́n ṣì ń ṣe bí ti ayé àtijọ́, tí wọ́n ń fa wáyà kan ṣoṣo lọ sí sípíkà, tí wọ́n sì ń fi ara irin ọkọ̀ ṣe àbọ̀. Rédíò òde òní kò gba èyí. Wáyà méjèèjì ni ó ń gbé ohùn jáde. Bí a bá kan ọ̀kan mọ́ irin, rédíò yóò pa ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́, tàbí kí inú rẹ̀ jó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi amplifáyà ńláńlá sí búùtù, a mọ̀ yín, a ń gbọ́ yín lóru. Kí wáyà amplifáyà ti orí bátìrì wá, kí ó nípọn, kí fíúsì rẹ̀ sì wà nítòsí bátìrì gan-an, kì í ṣe nínú búùtù. Nítorí pé gbogbo wáyà tí ó wà láàárín bátìrì àti fíúsì ni kò ní ẹ̀ṣọ́.

Ọmọkùnrin wa ti fa wáyà tuntun sínú ọkọ̀ Ẹgbẹ́. Ó fi lẹ́ẹ̀dì jó gbogbo ojú ibi tí ó ti so ó, ó fi rọ́bà tí ń sún kì nígbà tí ooru bá kàn án bò ó, ó sì fi òrùka rọ́bà sí ihò burúkú náà. Ilẹ̀kùn kejì ti ń ṣí láti inú. Ìgbìmọ̀ ọkọ̀ ń tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ìpàdé yìí láti ra mítà méjì, ọ̀kan fún ọkọ̀, ọ̀kan fún ilé-ìwé, àti ohun èlò ìpaná tí yóò máa wà lábẹ́ àga awakọ̀. A tún ń tọrọ pé kí ẹlòmíràn gba iṣẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà lọ́wọ́ wa, ẹni tí yóò máa ṣí àpótí fíúsì ní ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan kí ọkọ̀ tó gbéra, tí yóò sì máa kọ ohun tí ó rí sínú ìwé. A ti mú ìwé náà wá, ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ ti kún.

Rédíò àkọ́kọ́, èyí tí a sọ pé ó ti bàjẹ́, ni ẹ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì lórí tábìlì yìí pẹ̀lú sípíkà kan. Ọmọkùnrin wa yóò so ó nísinsìnyí níwájú yín: yẹ́lò àti pupa sí pọ́sítíìfù, fíúsì ámpíà 10 láàárín, dúdú sí nẹ́gétíìfù. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé wá, kí ẹ sún mọ́ iwájú kí ẹ lè rí ọwọ́ rẹ̀.